Òdo

Oṣù kejì ni, ní Joensuu.
Yìnyín ti bo ojú odò bí ìdérí ìkòkò,
oòrùn yọjú lágogo mẹ́wàá,
ó wo àyíká, ó pa dà sílé.
Àjà kẹta ni a wà, èmi àti Saimi,
a ń kọ́ kọ̀m̀pútà bí a ṣe ń ka ẹkún.

Ẹkún àwọn obìnrin Karelia ni,
ẹgbàá ẹkún ó lé mọ́kàndínlógójì,
àwọn arúgbó tó sunkún sínú téèpù
kí wọ́n tó bí bàbá mi.
Àwọn kan sun ún fún ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ,
àwọn kan sun ún fún òkú,
Palaga, ọmọ apẹja, sun tirẹ̀
fún màlúù tí ogun kó lọ.

Ọdún mẹ́ta la fi tẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan,
ojú wa pọ́n bí ojú ẹni tó ń fẹ́ iná igi tútù.
Mo wá kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ìlà mọ́kànlá péré:
ọ̀rọ̀ wo ló pọ̀ jù, èwo ló ń tẹ̀lé èwo?
Saimi ní, "Bẹ̀rẹ̀ látorí ìyá.
Ta lèèyàn tún ń sunkún sí?"

Mo tẹ ìyá.
Ẹ̀rọ ronú níwọ̀n ìgbà tí a fi ń mu kọfí ẹnu kan.
Ó ní: òdo.

Mo ní àṣìṣe ni. Mo yẹ àṣẹ náà wò, mo tún un tẹ̀.
Òdo.
Mo pààrọ̀ lẹ́tà, mo wá a ní ẹ̀ka-èdè mẹ́rin.
Òdo, òdo, òdo, ọ̀kan.
Ọ̀kan náà, ọkùnrin tó gbé téèpù wá ló ń bi arúgbó léèrè:
ìyá, ṣé ẹ ó mu omi?

Maura tó ń tọ́jú àpótí téèpù nísàlẹ̀ ilé
gòkè wá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun,
ó wo ojú ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ní ń dárúkọ òkú lójú òkú?
Ẹkún kì í pe nǹkan lórúkọ.
Ẹni tó gbé mi kiri ni,
ẹni tó fi egungun ara rẹ̀ kọ́lé fún mi,
oòrùn mi tó máa ń ràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò."

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣebí ìwọ náà
kì í pe ejò ní ejò lóru?
Okùn lo ń pè é,
gbogbo ilé sì ń káṣẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀rọ kò parọ́ o.
Ohun tí kò sí, ó ní kò sí.
Ẹnu-Odò ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú wa,
bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dúró lórí afárá lóṣù kejì
tó ní kí òun ka omi tó ń ṣàn,
òdo ni yóò kà.

A tún bẹ̀rẹ̀. Maura jókòó láàárín wa,
ó ń pe àwọn orúkọ tí kì í ṣe orúkọ,
Saimi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.
Nígbà tí a máa tiipa, a ti rí igba ó lé mẹ́tàdínlógún,
gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni.

Nígbà tí wọ́n lọ tán,
mo kó àwọn lẹ́tà tí mo kọ sí Aila, àbúrò mi ní Oulu,
látìgbà tí a ti sìnkú lóṣù kọkànlá,
mo dà wọ́n sínú ẹ̀rọ.
Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan náà.
N kò dúró kó dáhùn, mo ti mọ ohun tó máa sọ.
Mo ní kó ka ìyókù fún mi.

Kọ́kọ́rọ́: mẹ́sàn-án.
Àga ẹ̀bá fèrèsé: méje.
Ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ewé, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà:
mẹ́rìndínlógún.